Ọdún Tí Mo Ń Mú Dígí fún Ṣadé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ènìyàn dán lóòótọ́, ẹ má dúró níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wọlé sí i lára. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti iwájú wá máa ń gbè sẹ́yìn àtíkè, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá kì í ṣe ojúsàájú. Gbogbo kókó, gbogbo ihò, gbogbo ibi tí awọ ti ki ni yóò ta òjìji tirẹ̀. Mo mọ èyí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn nílé wa ní Owódé ní ọdún tí mò ń sọ yìí. Ní àràárọ̀, kí n tó wọ aṣọ iléèwé, màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá Màmá, màá gbé dígí dání, màá fi ta oòrùn àárọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi Ṣadé, kí Màmá lè rí ibi tí kò tíì dọ́gba. "Gbé e sókè díẹ̀, Fúnkẹ́. Apá òsì. Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, ṣé o ò tíì jẹun ni?" N kò tíì jẹun lóòótọ́. Ta ni yóò fún mi lóúnjẹ nígbà tí gbogbo ilé ń ṣiṣẹ́ lórí ojú ẹnì kan ṣoṣo?

Ilé wa kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá wa, yóò sì máa pariwo lé e lórí, nítorí ó dá wọn lójú pé ẹni tó ń lọ ẹ̀gẹ́ náà ń bù nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀kadà láti Ìdírókò yóò máa kọjá lójú títì pẹ̀lú ẹrù tó ga ju ẹni tó gùn wọ́n lọ. Ìyá Àgbà ń yan gàrí tí wọ́n ń tà lábẹ́ àtíbàbà, èmi ń gbálẹ̀, Ṣadé ń ro láfún tí a óò fi ọbẹ̀ ilá jẹ. Òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan kì í kúrò lára aṣọ wa, àfi aṣọ Màmá nìkan, tí ìpara ti bo òórùn tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá wa ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Tube. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń wálé. Tó bá di ìdájí ọjọ́ Ajé, wọn a tún gun alùpùpù wọn padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ẹni tó bá ń lo ọjọ́ méjì péré nílé lọ́sẹ̀, kò ṣòro láti fi nǹkan pa mọ́ fún un.

Ìpara ni Màmá ń tà. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì, wọn a sì máa kọjá bodè lọ sí Kútọnu lẹ́ẹ̀mejì lóṣù láti ra ọjà: ìpara, ọṣẹ, àtíkè, páńkéèkì, tìróò, gbogbo rẹ̀ nínú páálí tí wọ́n kọ Faransé sí. Màmá gbọ́ Faransé tí a fi ń ná ọjà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ sára ike ìpara kò yé wọn ju bó ṣe yé èmi lọ. Nítorí náà wọ́n ní ọ̀nà tiwọn láti fi mọ ìpara tó dára. Wọn a máa fi pa ojú Ṣadé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ojú náà bá ń tàn, wọn a gbé ìpara sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn a sì gbé Ṣadé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ wo ojú ọmọ mi. Òun náà ló ń lò." Àwọn tó ń ta ìpara lágbègbè wa nígbà náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ọmọ ẹni ni pátákó ọjà ẹni, kò sì sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣadé jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ojú rẹ̀ sì dára débi pé ìpàǹtí lásán ì bá tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kò fi ìpara kankan dán ojú tèmi wò rí. Ó máa ń dùn mí nígbà náà. Bàbá kò fẹ́ràn òwò yìí. Wọ́n ti sọ ọ́ títí pé kí Màmá fi ìpara tí ń bóra sílẹ̀, kí wọ́n máa ta aṣọ, Màmá a sì dáhùn pé aṣọ kọ́ ni àwọn obìnrin ń béèrè.

Ọdún yẹn ni Màmá ra ìpara kan tó wà nínú ike pupa. Kò pé oṣù kan tí Ṣadé bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ojú tí ojú náà fi yí padà. Lákọ̀ọ́kọ́, ibì kan kàn fẹ́ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, bí ìgbà tí lápáàlápá bá mú ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni àwọn kókó kéékèèké yọ sí iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn kò yún un, wọn kò ro ó, wọn kò sì ṣe ọyún. Awọ náà kàn ń ki sí i ni. Màmá da gbogbo ìpara ike pupa náà sínú ṣáláńgá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ti iléèwé dé, mo gbọ́ ohùn wọn nínú yàrá, mo sì yọjú wo ẹ̀yìn kọ́tìnì. Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Ṣadé. Ìyá tó bí i, lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba ojú rẹ jẹ́," wọ́n ń wí. "Má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́. Má jẹ́ kí àwọn oníbàárà mi gbọ́. Màá tún un ṣe." Ṣadé ń fà wọ́n lápá. "Màmá, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. N ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Kò sì sọ. Títí dòní ni inú fi ń bí mi sí i pé kò sọ.

Àtúnṣe tí Màmá mọ̀ kò ju èyí tó wà nínú páálí wọn lọ. Wọn a kọ́kọ́ fi ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa gbogbo ojú náà, a ó dúró títí awọ yóò fi mu ún. Páńkéèkì méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan dúdú ju àwọ̀ Ṣadé lọ, èkejì pupa jù ú lọ. Dúdú ni wọ́n ń fi sí orí kókó, pupa sí àárín wọn, "kí èyí tó ga lè wálẹ̀, kí èyí tó jìn lè gòkè." Wọn kì í fọwọ́ ra á. Fóòmù tútù ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń di ihò ara ògiri. Àtíkè ló kàn. Wọn a gbọ̀n ọ́n dànù, wọn a tún bu òmíràn. Ìgbà náà ni wọn a ní kí n ta oòrùn sí i. Èmi ni mò ń sọ ibi tó kù: "Lókè imú, Màmá. Àgbọ̀n, lápá ọ̀hún." Wọn a tún tẹ̀ ẹ́. Ká má parọ́, iṣẹ́ náà dára. Tí Ṣadé bá jáde sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn obìnrin a máa béèrè ohun tó ń fi pa ojú, Màmá a sì nawọ́ sí ìpara yòówù tó bá sún mọ́ wọn. Ọjà wọn kò tà rí bó ṣe tà lọ́dún yẹn. Inú mi dùn sí i, mo sì ń rò ó pé èmi náà ti mọ iṣẹ́. Ẹni ọdún mọ́kànlá ni mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi jù.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, irun tó wà lókè ojú Ṣadé bẹ̀rẹ̀ sí í já, láti ìpẹ̀kun wá sí àárín. Àṣà tó wà lóde nígbà náà ni pé kí ọmọbìnrin fá irun náà kúrò, kí ó fi lẹ́ẹ̀dì ya tuntun, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Màmá a máa fi ẹ̀mú fa ìyókù tu. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ń bá fa irun bẹ́ẹ̀ a máa ké, wọn a máa bẹ̀bẹ̀, omi a máa dà lójú wọn. Ṣadé kì í gbin. "Ẹ wo akọni," Màmá a wí fún wọn, a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ òun le jù wọ́n lọ. Èmi náà ń fi í yangàn níléèwé pé ẹ̀gbọ́n mi kì í mọ ìrora. Ní ọjọ́ Àìkú kan, tí a ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ń fi píìnì de gèlè fún un, píìnì náà sì wọ ẹran iwájú orí rẹ̀. Mo rí ẹ̀jẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀!" Ṣadé fọwọ́ kàn án, ó wo ìka rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Kò dùn mí." Màmá wo ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n nù ún, wọ́n bu àtíkè lé e, wọ́n sì yíjú sí mi. "Fúnkẹ́, kò sí ohun tí o rí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

Ẹnì kan wà nílé tí àtíkè kò lè tàn jẹ. Ìyá Àgbà ló ń dirun fún wa, ẹni tó bá sì ń dirun fúnni, etí ẹni ló ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n jókòó sórí àpótí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ṣadé jókòó sí àárín ẹsẹ̀ wọn, ni ọwọ́ wọn bá dúró. Wọ́n mú etí rẹ̀ láàárín ìka méjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mú èkejì. Wọ́n pe Màmá. "Ìyá Ṣadé, etí ọmọ yìí ti ki." Màmá ní yẹtí olówó pọ́ọ́kú ló bá a jà. Ìyá Àgbà kò wò wọ́n. "Mo ti rí irú etí yìí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹni tó ni ín kò bá wa gbé àárín ìlú. Oko ni wọ́n kọ́lé fún un sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sí ẹsẹ̀ igi." Màmá fò dìde. "Màmá, ẹ má sọ ọ́ tán! Ẹ má fẹnu yín mú un wọ ilé yìí!" Nítorí àìsàn kan wà tí àwọn àgbà ilé wa kì í dárúkọ nínú ilé, pé tí a bá pè é, yóò jẹ́. Ìyá Àgbà di irun náà tán, wọn kò sì tún un sọ mọ́. Mo ti rò ó títí. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n nílé wa, òun gan-an ni a kò jẹ́ kí ó pe orúkọ rẹ̀.

Àkókò náà kò dára fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣadé ti ní àfẹ́sọ́nà, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Délé, ọmọ alàgbà ìjọ kan ní Ìpokíà, wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìdána. Bàbá fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí púpọ̀. Tí wọ́n bá ti jókòó papọ̀, ọ̀rọ̀ iléèwé nìkan ni wọ́n ń sọ, títí oorun yóò fi máa kun gbogbo wa. Bí Délé bá fẹ́ wá, Màmá a lo wákàtí méjì lórí ojú Ṣadé. Ó ti wá di pé àtíkè nìkan kò tó mọ́, wọ́n ń tẹ páńkéèkì náà sí i bí ẹni ń rẹ́lé. Ṣadé sọ fún mi lẹ́yìn kànga lọ́jọ́ kan pé tí òun bá ti wọlé ọkọ, òun yóò máa jí ṣáájú rẹ̀ lójoojúmọ́ láti kun ojú. "Títí di ìgbà wo?" mo bi í. Ó ní, "Títí ojú á fi jinná. Ìpara ló bà á jẹ́, kò lè má jinná." Ó gbà á gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, tí ìdána ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wa wà nílé. Ṣadé ń bá Ìyá Àgbà yan gàrí, ó fi ọwọ́ òsì mú igbá tó fi ń rò ó, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti etí agbada láti fi gbára lé. Ó ń sọ ìtàn obìnrin kan tó bá Màmá jà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ohùn obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ń rẹ́rìn-ín. Mo gbóòórùn kan. Kì í ṣe òórùn gàrí. Bí ìgbà tí wọ́n bá ń jó irun ara ewúrẹ́ ni. Mo wolẹ̀, mo rí èéfín tó ń jáde lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí irin gbígbóná, ó sì ń sọ ìtàn rẹ̀ lọ. Mo pariwo. N kò mọ ohun tí mo sọ. Bàbá sáré jáde, wọ́n já ọwọ́ náà kúrò lára agbada, awọ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ṣadé ń wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló dé? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ilé ìwòsàn kan ní Ìlaròó ni Bàbá ní kí a gbé e lọ. Bàbá, Màmá, Ṣadé, pẹ̀lú èmi tí mo gbé àpò. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá kò lè ju Ṣadé lọ púpọ̀. Ó wẹ ojú egbò náà, ó sì béèrè bóyá ó dùn ún nígbà tó ń jó. Ṣadé ní rárá. Nọ́ọ̀sì náà mú òwú, ó ní kí Ṣadé dijú, kí ó máa sọ ọ́ tí òun bá ti fi òwú kàn án. Ṣadé dijú. Òwú náà kan ìka rẹ̀, ó kan ẹ̀yìn ọwọ́, ó gòkè lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kan iwájú orí. A ń wò ó. Ṣadé jókòó jẹ́ẹ́, ó gbé ojú sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan. Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, ó ní, "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Nọ́ọ̀sì náà gbé omi wá. Ó ní kí Màmá fọ ojú rẹ̀ fún òun. Màmá ní, "Ojú kọ́ la gbé wá. Ọwọ́ ni." "Mo mọ̀, Màmá. Ẹ ṣáà bá mi fọ̀ ọ́." Bàbá ní, "Ìyá Ṣadé, fọ ojú ọmọ náà." Màmá bẹ̀rẹ̀. Omi àkọ́kọ́ dọ̀tí bí omi ẹrẹ̀, wọ́n dà á nù, ìkejì náà, ní ìkẹta ni awọ ojú jáde. Bàbá kò tíì rí i rí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n bí, tí wọ́n ń bá jẹun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣadé?" bí ẹni tó ń béèrè. Ibẹ̀ ni Màmá ti bú sẹ́kún. "Ìpara ni! Ìpara mi ni. Èmi ni mo ṣe é." Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó ní ìpara kì í fa èyí. Ó ní ẹ̀tẹ̀ ni, ó pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni pe ibà. Ó ní oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni, ọdún kan ni Ṣadé yóò fi lò ó, yóò sì kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n iṣan tó bá ti kú, oògùn kì í jí i. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo dáhùn: ibì kan funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ó ti tó oṣù mẹ́wàá. Ó ní ká ní ìgbà náà ni a mú un wá, kò sí ohun tí ì bá ṣe ọwọ́ yẹn. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá náà. Wọn kò ba ojú ọmọ wọn jẹ́. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi ń bo ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Àwọn kókó náà lọ sílẹ̀, ojú náà sì tẹ́jú láìsí páńkéèkì, àfi pé kò tún jọ ojú Ṣadé mọ́. Ojú òsì kò lè pa dé, ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún sì ká kò. Délé wá lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò mu omi wa. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí rẹ̀ ránṣẹ́ pé àdúrà kò gbà á. A sọ fún àwọn ènìyàn pé àìsàn náà kì í ran ẹlòmíràn mọ́ tí ènìyàn bá ti ń lo oògùn, wọn a ní wọ́n ti gbọ́, wọn a sì lọ ra gàrí níbòmíràn. Màmá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bàbá kò bá wọn jà, ohùn wọn kò tilẹ̀ ga. Wọ́n kàn ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ni, títí Màmá fi kú. Mo ti dárí ji Màmá. Ó gbà mí ní ọdún púpọ̀, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo tún ń gbà á padà.

Ìgbà tí wọ́n rí i lára Ṣadé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà wá sílé wa láti yẹ gbogbo wa wò. Ara Bàbá mọ́, ti Màmá mọ́, ti Ìyá Àgbà mọ́. Lára tèmi, wọ́n rí ibì kan funfun lẹ́yìn, nísàlẹ̀ èjìká, tí kò ju ojú ẹyọ owó lọ. Èmi fúnra mi kò lè rí i, kò sì sí nílé wa ẹni tó bojú wo ẹ̀yìn mi lọ́dún yẹn. Oṣù mẹ́fà ni mo fi lo oògùn. Ó lọ. Mo lọ́kọ, mo bímọ, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ayétòrò báyìí, Ṣadé sì ń bá wa gbé. Mo máa ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, àti nínú ìtàn yìí, nìkan ni mo ń pè é ní Ṣadé lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ooru mú, mo tú búláòsì mi sílẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé, ó sì bá mi nu òógùn. Ó béèrè, bó ṣe máa ń béèrè nígbà mìíràn, pé ibo gan-an ni ibi funfun náà wà nígbà náà. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń fi ìka tí kò mọ tútù, tí kò mọ gbígbóná, wá ibẹ̀ káàkiri ẹ̀yìn mi.

"Ṣé ibí ni?"

Kì í ṣe ibẹ̀. "Ibẹ̀ náà ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó fi ìka náà ra á lọ, ó ra á bọ̀. "Ó jọ̀lọ̀," ó wí.